Marie Duclos Fretageot: Olùkọ́bìnrin Tí Ó Gbé New Harmony Ró

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín o. Nígbàkígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa New Harmony, ìlú kékeré kan tí ó wà létí odò Wabash ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin méjì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: Robert Owen, tí ó fi owó ara rẹ̀ ra ìlú náà kí àwọn èèyàn lè máa gbé pọ̀ níbẹ̀ láìsí olówó láìsí tálákà, àti William Maclure, tí ó fi owó gbé àwọn ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ró. Ẹni tí èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò ra ìlú, kò sì ní owó tí ó lè fi ra á. Olùkọ́ ni. Orúkọ rẹ̀ ni Marie Duclos Fretageot. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ rí ni pé nígbà tí ètò ìdọ́gba tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kéde fún gbogbo ayé túká láàrin ọdún bíi méjì, ọwọ́ obìnrin yìí ni ohun tí ó ṣẹ́kù wà, bẹ́ẹ̀ sì ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ṣe níbẹ̀ ni mo lè yìn.

Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1783, ó sì ṣì kéré púpọ̀ nígbà tí àwọn ará ìlú Paris dìde sí ọba wọn. Ó lọ́kọ, ó bí ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Achille, ó sì ń ṣe olùkọ́ ní Paris nígbà tí òun àti Maclure pàdé. Ọmọ Scotland ni Maclure. Òwò ni ó fi di ọlọ́rọ̀ kí ó tó gbájú mọ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, òun sì ni ó ya àwòrán ilẹ̀ tí ó fi irú òkúta tí ó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà hàn, èyí tí a tẹ̀ ní ọdún 1809. Láti ọdún 1817 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ni ó fi jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Philadelphia. Ọkùnrin yìí ti pinnu pé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ni òun yóò máa ná owó òun lé. Òun ni ó rọ Fretageot pé kí ó wá sí Amẹ́ríkà, ní ọdún 1821 obìnrin náà sì sọdá òkun, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní Philadelphia. Ọkọ rẹ̀ kò bá a lọ.

Ìlànà Johann Heinrich Pestalozzi, olùkọ́ ará Switzerland, ni òun àti Maclure gbàgbọ́ nínú rẹ̀. Ní àsìkò yẹn, ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ohun tí à ń pè ní ẹ̀kọ́ kò ju pé kí ọmọ há ìwé sórí, kí ó kà á jáde, kí wọ́n sì nà án bí ó bá gbàgbé. Pestalozzi ní rárá: kí ọmọ kọ́kọ́ fojú rí nǹkan, kí ó fọwọ́ kàn án, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó yà á lórí pátákó, lẹ́yìn náà ni kí ó tó wá mọ orúkọ tí ìwé ń pè é. Kò fọwọ́ sí pàṣán, kò sì fọwọ́ sí pé kí ọmọ máa sọ ohun tí kò yé e. Bí èyí bá dà bí ohun tí gbogbo yín ti mọ̀ ní kíláàsì yín lónìí, ẹ rántí pé àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é, aláṣejù ni àwọn aládùúgbò wọn pè wọ́n.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1824 ni Owen gba Philadelphia kọjá. Ọmọ Wales ni, ó sì ní ilé iṣẹ́ òwú ńlá ní New Lanark ní Scotland, níbi tí ó ti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1816. Ìwàásù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, kì í sì í sú u: ibi tí èèyàn dàgbà sí àti bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ni ó ń sọ ọ́ di ẹni tí ó jẹ́, nítorí náà bí a bá tún ibùgbé àwọn èèyàn ṣe, ìwà wọn yóò tún ṣe. Ìlú kan ni ó wá rà, èyí tí àwọn ọmọ ìjọ George Rapp, àwọn Kìrìsìtẹ́nì ará Jámánì tí wọn kì í gbéyàwó mọ́, ti fi ọwọ́ ara wọn kọ́ láti ọdún 1814. Ní oṣù Kìíní ọdún 1825 ni ó rà á tán, ilé, ọgbà àjàrà àti ilẹ̀ tí ó tó bíi 20,000 éékà. Fretageot gbọ́ ọ̀rọ̀ Owen, ó sì gbà á tọkàntọkàn. Lẹ́tà tí ó ń kọ sí Maclure nígbà náà kì í ṣe lẹ́tà ẹni tí ń tọrọ iṣẹ́. Ńṣe ni ó ń rọ ọ̀gá rẹ̀ pé kí ó wá, kí ó kó owó àti àwọn onímọ̀ rẹ̀ wá sí ìlú tuntun yìí. Ara Maclure kọ́kọ́ lọ́ra, nítorí ó mọ Owen, ó sì mọ̀ pé ẹnu dùn-ún ròfọ́. Níkẹyìn ó gbà. Bí a bá wá ń bi ara wa bí àwọn onímọ̀ ńlá ṣe dé inú igbó Indiana, kí a má ṣe fo ọwọ́ olùkọ́bìnrin yìí kọjá.

Ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Philanthropist ni wọ́n wọ̀ ní Pittsburgh ní oṣù Kejìlá ọdún 1825 láti gba odò Ohio lọ. Thomas Say wà níbẹ̀, ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ nípa kòkòrò àti ìgbín kò lẹ́gbẹ́ ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Charles-Alexandre Lesueur wà níbẹ̀, ayàwòrán ará Faransé tí ó ti bá ọkọ̀ dé Ọsirélíà rí. Phiquepal, olùkọ́ àwọn ọmọkùnrin, wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí Fretageot ti ń kọ́ wà níbẹ̀, títí kan Lucy Sistare. Achille ọmọ rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Wọn kò tí ì lọ jìnnà tí odò fi dì di yìnyín, tí ọkọ̀ kò lè lọ síwájú, kò sì lè padà. Owen kò dúró de yìnyín, ó bá orí ilẹ̀ lọ. Àwọn tí ó kù wà nínú ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Lesueur ń ya àwòrán bèbè odò, àwọn ọmọ ń ṣeré lórí omi dídì, kí yìnyín tó yọ́ kí wọ́n tó lè máa bá ìrìn wọn lọ. Nígbà tí oṣù Kìíní ọdún 1826 ń parí lọ ni wọ́n gúnlẹ̀.

Ìlú tí wọ́n bá kún àkúnya. Owen ti fi ìwé ìròyìn pe gbogbo ayé wá, ayé sì ti wá: àgbẹ̀, onímọ̀, ọ̀lẹ, oníjìbìtì, gbogbo wọn tó bíi 800. Àwọn ọmọ wọn kún ìgboro. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé Fretageot lọ́wọ́ ni jẹ́lé-ó-sinmi, fún àwọn ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ náà lé ní 100, òun àti ìyàwó Joseph Neef sì ni wọ́n jọ ń mójú tó wọn, nígbà tí Neef fúnra rẹ̀, ẹni tí ó ti bá Pestalozzi ṣiṣẹ́ rí, ń kọ́ àwọn tí ó ti tó ọdún márùn-ún sí méjìlá. Ẹ̀yin tí ẹ ti mójú tó ọmọ ọdún méjì mẹ́wàá péré nínú yàrá kan fún wákàtí kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iyẹ̀ yín ronú kan 100.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí ó gbé inú ilé ẹ̀kọ́ New Harmony sọ ìtàn rẹ̀ nígbà tí ó dàgbà, n kò sì mọ àkọsílẹ̀ mìíràn tí ó fi ilé náà hàn wá tó ti rẹ̀. Ó ní bí àwọn bá ti jí ni wọn yóò ti rán díẹ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin lọ fún wàrà màlúù, wàrà náà àti ẹ̀kọ àgbàdo tí wọ́n sè nínú ìkòkò ńlá sì ni oúnjẹ àárọ̀, ìṣẹ́jú 15 sì ni wọ́n fún wọn láti jẹ ẹ́ tán. Ọbẹ̀ olómi ni oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀kọ àti wàrà tún ni ti alẹ́. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ń rí búrẹ́dì jẹ, ó sì ti ń dá a rò nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá lè jáde kúrò níbẹ̀, ṣúgà àti àkàrà òyìnbó ni òun yóò jẹ títí ẹ̀mí òun yóò fi bọ́. Wọn a tò bí ọmọ ogun lọ sí kíláàsì, níbi tí pátákó ìkọ̀wé ti bo odindi ògiri kan, tí wáyà tí wọ́n sín ìlẹ̀kẹ̀ sí sì wà fún kíkọ́ oǹkà. Orin ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọn a kó gbogbo wọn lọ sí ilé oògùn, wọn a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oògùn kan tí ó ń ta bí imí ọjọ́ lẹ́nu, àti ẹni tí ara rẹ̀ yá àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ó di orí ibùsùn. Àwọn ibùsùn náà kéékèèké, okùn ni wọ́n fi so wọ́n rọ̀ láti òkè àjà ní títòtẹ̀léra, ayọ̀ àwọn ọmọ sì ni kí ẹni tí ó wà ní ìpẹ̀kun fi ti ara rẹ̀ jù sẹ́yìn, kí ó padà wá gbá ti ẹnìkejì, kí ìyẹn gbá ti ẹnìkẹta, títí gbogbo ìlà náà yóò fi máa fì, tí orí àwọn olùkọ́ yóò sì dàrú.

Gbólóhùn kan wà nínú ìtàn náà tí n kò lè fò. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì péré ni òun fojú kan bàbá àti ìyá òun láàrin ọdún méjì. Inú ìlú kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbé! Èyí kì í ṣe àìbìkítà, ètò ni. Àwọn tí ó gbé ilé ẹ̀kọ́ náà kalẹ̀ gbà pé àwọn òbí ti bàjẹ́ tán nínú ayé àtijọ́, ayé owó àti ìgbéraga, nítorí náà bí ọmọ bá tètè kúrò lọ́dọ̀ wọn ni yóò ṣe tètè di ẹni tuntun. Fretageot gbà bẹ́ẹ̀ náà. Mo mọ̀ pé obìnrin tí ó láàánú ni, mo mọ̀ pé kò nani, mo sì mọ̀ pé ìlànà tí ó ń tẹ̀lé dára ju ti ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìgbà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ó ní kí ọmọ fọwọ́ kan gbogbo nǹkan kí ó lè mọ̀ ọ́n ti gba ìyá àti bàbá lọ́wọ́ ọmọ náà, n kò sì rí ibi kankan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kọlu ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìdọ́gba wá. Ní oṣù Kejì ọdún 1826 ni wọ́n ṣe òfin tuntun tí ó sọ ìlú náà di Àwùjọ Ìdọ́gba. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn ni Bernhard, ọmọ ọba kan láti Saxe-Weimar ní Jámánì, bẹ̀ wọ́n wò, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà níbẹ̀, Virginia Dupalais, tí ó bá Fretageot wọ ọkọ̀ kan náà dé. Ó jókòó ti dùùrù, ó ń kọrin fún àlejò, nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé ó ti kan òun láti lọ fún wàrà màlúù. Bernhard ní omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ó jáde lọ, ó ń fi ètò tuntun náà àti ìdọ́gba rẹ̀ ré. Màlúù kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òmíràn sì fi ẹrẹ̀ yí i. Àwọn èèyàn máa ń fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ọmọ olówó tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni ó kọ́gbọ́n. Èmi a máa béèrè ohun mìíràn: ta ni ń fún wàrà náà lójoojúmọ́ tí ọmọ ọba kò sí níbẹ̀? Iṣẹ́ ilé ìdáná, ìfọṣọ àti ríránṣọ ni wọ́n pín fún àwọn obìnrin, lẹ́yìn èyí wọ́n tún ń lọ bá iṣẹ́ ilé tiwọn. Ètò tí wọ́n ní yóò dín ẹrù wọn kù bù kún un.

Ẹ̀yìn ìdọ́gba yìí tún ní ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Òfin àkọ́kọ́ ìlú náà, ti oṣù Karùn-ún ọdún 1825, ní ẹnikẹ́ni lè di ọmọ ẹgbẹ́, àfi aláwọ̀ dúdú. Ó ní a lè gba irú wọn gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ bí ó bá pọn dandan, tàbí kí a pèsè wọn sílẹ̀ láti lọ dá irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Áfíríkà. Ẹ fetí sí i dáadáa: ọdún 1825 ni èyí, ìgbà tí wọ́n ṣì ń kó àwọn èèyàn wa láti etíkun wa lọ sí Brazil àti Cuba, tí Owen sì ń kéde ní Washington pé òun ti rí ọ̀nà tí aráyé yóò fi di ọ̀kan. Kò sí ohun tí ó fi hàn pé Fretageot bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Jẹ́lé-ó-sinmi rẹ̀, ọmọ aláwọ̀ funfun nìkan ni ó wà fún.

Bí ìlú náà ṣe túká kò gba kí a fi àkókò ṣòfò lé e lórí. Oúnjẹ kò tó, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ kò tó ẹni tí ń jẹun, òfin sì ń yí padà léraléra. Láàrin ọdún 1826 wọ́n pín sí ẹgbẹ́ mẹ́ta, ti àgbẹ̀, ti oníṣẹ́ ọwọ́ àti ti ẹ̀kọ́. Fretageot wà nínú ti ẹ̀kọ́. Owen àti Maclure wá forí gbárí lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ́ni, lẹ́yìn náà lórí owó, títí ọ̀rọ̀ fi dé ilé ẹjọ́ ní ọdún 1827. Ọdún yẹn náà ni Owen kí wọn pé ó dàbọ̀. Phiquepal ní tirẹ̀ padà fẹ́ Frances Wright, obìnrin Scotland tí ó gbìyànjú irú àwùjọ mìíràn ní Tennessee fún àwọn ẹrú tí yóò fi iṣẹ́ ra ara wọn padà. Ìtàn ìyẹn tó ọ̀rọ̀ àsọyé mìíràn.

Fretageot kò lọ. Ibí ni apá kejì ìgbésí ayé rẹ̀ ní New Harmony ti bẹ̀rẹ̀, èyí sì ni èmi kà sí pàtàkì jù. Ara Maclure kò le ní ìgbà òtútù, nítorí náà ó gba Mẹ́síkò lọ. Lẹ́yìn tí ó lọ ní ìparí ọdún 1828, kò padà gbé ní New Harmony mọ́. Fretageot àti Thomas Say ni Maclure fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún, ṣùgbọ́n Say, ẹni jẹ́jẹ́ tí ọkàn rẹ̀ wà lára ìgbín inú odò Wabash, kì í ṣe ẹni tí ó lè bá ayálégbé fa ọ̀rọ̀. Fretageot ni ó lè ṣe é. Olùkọ́ tí wọ́n tìtorí ọmọ ọdún méjì mú wá di ẹni tí ń gba owó ilé, tí ń ṣètò oko, tí ń ra bébà, tí ń mójú tó gbèsè, tí ó sì ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ ní Mẹ́síkò láti jíhìn ohun gbogbo, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe èdè rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni ó kù nínú àlá Maclure, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ti kọ́ títẹ̀ ìwé. Láti ọdún 1828 ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn kan jáde, The Disseminator of Useful Knowledge, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra wọn ń to lẹ́tà rẹ̀. Ní ọdún 1830 ni apá kìíní American Conchology, ìwé Say nípa ìgbín àti ìkarahun Amẹ́ríkà, jáde láti ilé ìtẹ̀wé kan náà. Lucy Sistare ni ó ya ọ̀pọ̀ jù nínú àwòrán inú rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1827 ni òun àti Say ti yọ́ lọ ṣe ìgbéyàwó. Ẹ wò ó báyìí: ìwé tí àwọn onímọ̀ Yúróòpù ń kà, àwọn ọmọdé ni ó ń tẹ̀ ẹ́ nínú ìlú kan létí igbó, obìnrin tí Fretageot kọ́ ni ó ya àwòrán rẹ̀, Fretageot ni ó sì ń rí sí i pé owó bébà kò wọ́n wọn. Ní ọdún 1841, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Philadelphia gba Lucy Say wọlé, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọmọ ẹgbẹ́ wọn.

Ní ọdún 1831 ni Fretageot fi New Harmony sílẹ̀, ó padà sí Faransé, ó sì tibẹ̀ gba Mẹ́síkò lọ láti rí Maclure. Àrùn onígbáméjì jà ní Mẹ́síkò ní ọdún 1833, Fretageot sì wà lára àwọn tí ó bá a lọ, nígbà tí ó di ẹni 50 ọdún tàbí tí ó kù díẹ̀. Achille dúró sí New Harmony ní tirẹ̀. Maclure kú sí Mẹ́síkò ní ọdún 1840, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n fi owó rẹ̀ dá ilé ìkàwé àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní New Harmony, èyí tí ó ṣì ṣí sílẹ̀ títí di òní. Inú ilé ìkàwé yẹn ni àwọn lẹ́tà òun àti Fretageot wà, láti ọdún 1820 títí di 1833, ẹgbẹ́ àwọn òpìtàn Indiana sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 1948. Ẹni tí ó bá kà wọ́n yóò rí i pé Maclure a máa kọ ojú ìwé púpọ̀ nípa bí ayé ì bá ṣe rí. Fretageot ní tirẹ̀ a máa sọ fún un ẹni tí kò tí ì san owó ilé.